Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Gba Inú Ilé Wa Kọjá

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, rélùwéè ló ń sọ ìgbà tí a máa jẹun nílé wa. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, mi ò tíì dé ibi ẹ̀rín. Ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Dùgbẹ̀ là ń gbé, nínú ilé elérò púpọ̀ kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà, tó pọ́n bí ẹja yíyan. Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, kò ka aago sí. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí wọn mú ju ti ológbò lọ. Bí ọkọ̀ òwúrọ̀ bá ti ń bọ̀ lókèèrè, tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í ké fàkà-fikì, fàkà-fikì, tí abọ́ tanganran orí pẹpẹ náà ń gbọ̀n, Ìyá Àgbà á dìde, wọ́n á tún ìró wọn ró, wọ́n á fi oríkì mi pè mí, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbé omi ògì kaná." Kí ọkọ̀ tó kọjá, ẹni tó bá fẹ́ dáná, kó lọ dá a níta. Nígbà tí rélùwéè ṣì ń wá lásìkò, ètò yìí dára. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, ọkọ̀ náà ti dà bí ẹni tó jẹ gbèsè ní àdúgbò: ó lè yọjú láàárọ̀, ó lè yọjú lọ́sàn-án, ó sì lè má yọjú rárá. Àwa ọmọ á ti wọ aṣọ ilé ìwé, a ó jókòó yí ìkòkò tútù ká bí ẹni tó wá kí òkú. Ìyá Àgbà á mi orí: "Ó pẹ́ lónìí." Màmá mi, tí ẹnu wọn dà bí abẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú bébà, á ní, "Ìyá wa, ṣé kí n lọ fọwọ́ tì í ni?" Àwọn oníbàárà tó ń sọ pé ẹnu mi mú ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Challenge lónìí, ẹ ti wá mọ ilé tí mo ti gbé e wá.

Bàbá mi, iṣẹ́ ojú irin ni wọ́n ń ṣe. Wọn kì í wa ọkọ̀, wọn kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ èrò. Àwọn ni wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn lórí irin nínú oòrùn, tí wọ́n ń wo ibi tí irin kan ti pàdé èkejì. Bí ojú ìpàdé yẹn bá ti là, wọ́n á fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, wọ́n á ki òkúta sábẹ́ pákó rẹ̀, wọn ò ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi panu mọ́. Òwe tiwọn ni pé, "Irin tó bá yanu, ọ̀gá á yanu lé ẹni tó tọ́jú rẹ̀." Wọ́n máa ń pa á fún wa bí a bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n mo ti ń tajà ó ti pẹ́, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ tí èèyàn bá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, kì í fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Bàbá mi kò lè rí àwo méjì lórí tábìlì kí wọ́n má sún wọn kí etí wọn kan ara wọn.

Ọdún yẹn náà ni onílé wa ta ilé. Ẹni tó rà á fẹ́ wó o, kó fi ibẹ̀ kọ́ ilé ìtajà, ó sì ní kí olúkúlùkù wá ibi gbà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò bá bàbá mi lójijì. Wọ́n ti ń kọ́ ilé kékeré kan díẹ̀díẹ̀ ní Challenge, nígbà tí oko àgbàdo pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ilé náà ti parí, ó ku ọ̀dà. Ìyá Àgbà ni kò lọ.

"Àkànní," bí wọ́n ṣe ń pe bàbá mi nìyẹn, "ilé rẹ dára. Ọlọ́run á jẹ́ kó tù ọ́ lára. Èmi ò lọ."

"Ìyá, wọ́n fẹ́ wó ilé yìí ni o."

"Kí wọ́n máa wó o. Wọ́n á bá mi níbi tí mo jókòó sí."

"Kí ló wá wà ní Dùgbẹ̀ tí kò sí ní Challenge?"

"Ọkọ̀ wo ló ń kọjá níbẹ̀? Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́? Ojú mi ni n ó fi wò ó?" Wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀nà ibùdó ọkọ̀. Nígbà tí ara wọn ṣì le, obì ni wọ́n ń fi ọkọ̀ yẹn kó lọ sí òkè ọ̀hún, ilẹ̀ Hausa, ẹ̀yìn wọn ni bàbá mi sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ìró rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí rélùwéè bá gba Challenge kọjá, èmi fúnra mi ni n ó ru àpótí mi dé ibẹ̀."

Màmá mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kàn gbé ìyá wọn sínú takisí. Ọkùnrin tó bá kó lọ sí ilé tuntun, tí ìyá rẹ̀ ń sunkún bọ̀ lẹ́yìn, ibo ló fẹ́ gbé ojú sí nílé ọ̀hún? Bàbá mi sọ ọ́ gbangba pé bí ìyá àwọn kò bá lọ, àwọn náà ò lọ, kí wọ́n wá wó o lé gbogbo wa lórí. Màmá mi ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ kó ọjà àwọn jáde.

Ohun ìṣeré kan wà nílé wa nígbà náà. Àbúrò màmá mi ọkùnrin ló dé láti òkè òkun, tó mú rélùwéè kékeré kan wá fún Kọ́lá, àbúrò mi. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tó fi le, tí ẹ gbé e sórí irin tó bá a wá, á máa sáré yípo. Irin ọ̀hún kò ju èyí tó lè yí abọ́ ìwẹ̀ ọmọ ká. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, bàbá mi gbé e lọ́wọ́, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo adìyẹ tí wọ́n fẹ́ rà. Pupa fòò ni, wọ́n fi ọ̀dà àwọ̀ wúrà kun etí rẹ̀, ihò èéfín orí rẹ̀ sì gùn bí ọrùn àgùnfọn. "Èyí kì í ṣe rélùwéè," ni wọ́n wí. "Ìkòkò àsáró tí wọ́n fi táyà sí ni. Ta ló rí irú eléyìí rí ní Dùgbẹ̀?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Kọ́lá ké, ó yí ilẹ̀. Bàbá mi ní àwọn kàn fẹ́ yá a ni. Kọ́lá ti bí ọmọ, ọmọ rẹ̀ ti ń wa mọ́tò, kò tíì gba ọkọ̀ náà padà.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí ọkọ̀ bá nílò la ń jẹ. Ikùn ọkọ̀ náà kúrú jù, a mu tíì títí agolo mílíìkì tó ṣe déédéé fi ṣófo. Ó nílò ọkọ̀ èrò tí yóò máa fà lẹ́yìn, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sàdíìnì láàárọ̀ àti lálẹ́, títí Ìyá Àgbà fi ní bí àwọn bá kú, kí wọ́n má sin àwọn sí ilẹ̀, odò Ẹlẹ́yẹlé ni kí wọ́n da àwọn sí. Irin tí ọkọ̀ yóò gùn, ọ̀dọ̀ màmá mi ló ti wá. Wọ́n ń ta abọ́ àti ike ní ọjà Dùgbẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ẹrù wọn kò sì ní ìlò lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u. Bàbá mi á nà án, wọ́n á ká etí rẹ̀, wọ́n á gbé e dúró lórí pákó àpótí tòmátò. Àwọn igi wẹ́wẹ́ tó dábùú lábẹ́ irin, orín Ìyá Àgbà ni. Wọ́n gé orín àtà náà ṣógéṣógé, wọ́n tò ó bí eyín. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Ìyá Àgbà ń pariwo pé eku ilé yìí ti ń run orín.

Kò sí irin iṣẹ́ kan tí bàbá mi rà. Wáyà táyà kẹ̀kẹ́ kan ni wọ́n fi òòlù lù, tí wọ́n lọ ẹnu rẹ̀ lórí òkúta títí ó fi pẹlẹbẹ, òun ni wọ́n fi ń tú àwọn ìdè tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Wọ́n yọ egungun agboòrùn màmá mi kan, wọ́n ń kì í bọ iná èédú kó pọ́n, wọ́n á fi lu ihò sára ike. Péègì tí a fi ń sá aṣọ ni ọwọ́ kẹta wọn, òun ló ń bá wọn di nǹkan mú tí wọ́n bá ń fi òjé jó irin pọ̀. Ti ayùn ni mo fẹ́ràn jù. Abẹ réésà ni. Wọ́n fi etí fáìlì gé eyín sí i, wọ́n fi igi há ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá dà bí ẹja tó ń bínú. Mo ti rí àwọn ọmọ Bódìjà lórí fóònù báyìí, tí wọ́n ń fi rélùwéè kékeré tí wọ́n rà ṣe yangàn, gbogbo irin iṣẹ́ wọn wà nínú àpótí, ó ń dán bí eyín ìyàwó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò jí egungun agboòrùn ìyá rẹ̀ rí, kí ló mọ̀ nínú iṣẹ́?

Níkẹyìn wọ́n tú aago orí tábìlì màmá mi, wọ́n yọ sípíríìngì inú rẹ̀ sínú ọkọ̀, kó lè sáré jìnnà. Aago kan ṣoṣo tó wà nílé wa nìyẹn. Wọ́n da òjé sínú agolo mílíìkì kó lè wúwo. Wọ́n fá pupa rẹ̀ kúrò, wọ́n kùn ún ní dúdú àti àwọ̀ ewé, bí ti Dùgbẹ̀ gan-an. Ìlà funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Màmá mi ń di irun fún mi lọ́jọ́ Àìkú kan, ni wọ́n bá dúró lójijì.

"Rónkẹ́! Eku ló jẹ ọ́ lórí ni?"

"Bàbá ni."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa. Wọ́n fi ṣe búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé."

Màmá mi kò dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pariwo: "Bàbá Rónkẹ́! Ẹ gé irun lórí ọmọ, ẹ fi ń kun ọkọ̀ fún ẹni tí kò ríran!"

Bàbá mi yọ orí lójú fèrèsé. Wọn ò bínú. "Irun Rónkẹ́ rọ̀," ni wọ́n dáhùn. "Mo gbìyànjú ti ewúrẹ́, ó ń ya."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àìlà tán, wọ́n ní kí n wá bá àwọn di ìparí irin mú. Wọ́n to gbogbo irin náà sórí pákó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí èyí kan ìdí ìyẹn, wọn ò tíì jó o pọ̀. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ó gbéra. Ó wúwo, ó ń kọ ẹsẹ̀ ní gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin, ó ń ké lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Àfi bí a ṣe gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà láti yàrá: "Àbẹ̀kẹ́! Gbé omi ògì kaná! Ó pẹ́ lónìí!" Ọbẹ̀ ilá ṣì wà létí ẹnu wọn o. Èmi àti Kọ́lá rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Màmá mi ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ogbó ni." Bàbá mi kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí ìyá wọn sọ. Ariwo ọkọ̀ ló ń dójú tì wọ́n. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké!" ni wọ́n ń wí. "Bí ọ̀gá bá gbọ́ irú èyí, ṣé mo lè sọ pé èmi ni mo tọ́jú ojú irin yẹn?" Wọ́n bá kó o wọlé, wọ́n fi òjé jó gbogbo ojú ìpàdé pọ̀, wọ́n wá ewé ìpín, ewé tó le bí ahọ́n ológbò yẹn, wọ́n fi ń ha á lálaalẹ́ títí èékánná kò fi lè mọ ibi tí irin kan parí sí.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀, tí ọkùnrin tó ra ilé ti rán àwọn tó fẹ́ ṣí páànù wá wọn gígùn òrùlé, bàbá mi bẹ ìyá wọn pé kí wọ́n kàn wá ṣàdúrà sí ilé tuntun, kí wọ́n sì padà. Ìyá Àgbà gbà. Tẹ̀súbáà wọn nìkan ni wọ́n mú dání, kí ẹnikẹ́ni má baà rò ó sí nǹkan mìíràn. Bàbá mi ti to irin láti pálọ̀, ó gba ihò kan tí wọ́n lu sísàlẹ̀ ògiri, ó wọ yàrá tí wọ́n fẹ́ fún Ìyá Àgbà, ó gba ẹ̀yìn ibi tí ibùsùn yóò wà, ó sì padà jáde. Wọ́n fi Ìyá Àgbà jókòó sí yàrá náà. Bàbá mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ wọn, wọ́n dé fìlà, wọ́n fọn fèrè. Ìyá Àgbà gbé orí sókè. Bàbá mi fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i. Dúdú àti àwọ̀ ewé, ìlà funfun tí irun orí mi fà tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ sàdíìnì mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó yọ̀ lọ bí epo. Kò mì, kò ké. Ó wọ ihò, ó gba ẹ̀yìn Ìyá Àgbà kọjá, ó jáde.

"Níbo ló wà?" ni Ìyá Àgbà bèèrè.

"Ó ti kọjá, Ìyá."

"Kí ló kọjá?"

"Rélùwéè."

"Mo gbọ́ tí nǹkan kan fẹ́ atẹ́gùn sí mi lẹ́sẹ̀. Alángbá kọ́?" Wọ́n nawọ́ wá èjìká mi. "Àkànní, o ṣeun, o gbìyànjú. Ẹ dá mi padà sí Dùgbẹ̀."

Láìpẹ́ yìí mo wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ti Mọ́níyà lọ sí Èkó, mo fẹ́ lọ ra ọjà. Inú rẹ̀ tutù, ìjókòó rọ̀, kò dún píìn. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí ní, "Màmá, ẹ ò rí i pé bí ẹni jókòó sílé ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, alángbá ni. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yẹn, kò sí takisí nítòsí. Ní Challenge ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ jáde máa ń dúró de mọ́tò bí ẹni tó ń dúró de oṣù ààwẹ̀. A tẹ́ ẹní fún Ìyá Àgbà ní yàrá, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo jókòó ti ẹsẹ̀ wọn. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, fìlà lórí itan, mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Màmá mi dúró tì wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí pé màmá mi fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Rónkẹ́, ẹ rántí ọjọ́ tí Ìyá wa béèrè ògì lọ́sàn-án gangan?"

"Kí ló kàn mí nínú ògì?"

"Ibi tí irin ti là ló ń ké. Ìyẹn ni wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà lẹ wá jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ ti lọ ojú ọ̀nà yìí bí aṣọ ìrun Jímọ̀."

Bàbá mi tẹjú mọ́ irin wọn. "Kí n wá fọwọ́ ara mi la irin tó dára?"

"Ẹ là á."

"Ìyá Rónkẹ́, gbogbo ọjọ́ ayé mi, irin tó là ni mò ń dí."

"Bí ọ̀gá yín bá dé, ẹ ní ìyàwó yín ló pa yín láṣẹ. Ẹ ó là á, àbí kí n lọ mú ọ̀bẹ?"

Ọ̀bẹ tí wọ́n dárúkọ yẹn ló ta bàbá mi jí. Kàkà kí ọ̀bẹ ìdáná kan irin àwọn, wọ́n yára fa ayùn abẹ réésà yọ. Wọ́n gé ojú kìíní, wọ́n di ojú bí ẹni tí wọ́n ń fún lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ìbàjẹ́ náà, wọ́n fẹ́ kó dọ́gba. Wọ́n ń fi òwú wọn àlàfo, wọ́n ń fi ẹnu sọ ọ́ jẹ́jẹ́, fàkà-fikì, wọ́n á gé, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á tún gé. Màmá mi ń fi ìyẹ́ adìyẹ gbá búrúbúrú irin kúrò níwájú wọn, wọn ò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Wọn ò fọn fèrè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kàn yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ gbéra, ó ń kọ ẹsẹ̀, ó ń ké, ó wọ ihò wá bá wa ní yàrá, pákó ń gbọ̀n lẹ́yìn ẹní.

"Ó pẹ́ lónìí," ni Ìyá Àgbà wí sí ara ògiri. "Àbẹ̀kẹ́, gbé omi ògì kaná."

Mi ò mọ ohun tí n ó ṣe. Màmá mi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá wa, ìkòkò ò sí níbí. Dùgbẹ̀ ló wà."

Ìyá Àgbà yíjú. Ọkọ̀ tún ń bọ̀. Wọ́n jẹ́ kó kọjá ná. "Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"O pẹ́."

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Lọ kó ìkòkò yẹn wá. Àpótí mi, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo ní n ó rù ú."

Wọ́n sì rù ú, láti ẹnu takisí dé yàrá, wọ́n ń lé Kọ́lá tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Títí bàbá mi fi kú, wọ́n gbà pé oorun ni ìyá àwọn ń sùn lọ́jọ́ yẹn, tí ìró ọkọ̀ wọn fi tàn wọ́n jẹ dáadáa. Màmá mi gbà bẹ́ẹ̀ náà. Èmi tí mo jókòó ti ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ni mo rí i pé ní gbogbo ìgbà tí ayùn ń ké ní pálọ̀, tẹ̀súbáà kò dúró lọ́wọ́ wọn. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ọkọ̀ náà wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, àárín ike àti abọ́. Ẹni tó bá bèèrè iye rẹ̀, mo máa ń ní kó lọ bèèrè lọ́wọ́ Kọ́lá.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dáná àárọ̀ ní Challenge kí bàbá mi tó jí yí kọ́kọ́rọ́. Òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ kan, oorun gbé bàbá mi lọ. A ti wọ aṣọ ilé ìwé, a ti yí ìkòkò tútù ká. Ìyá Àgbà jókòó lórí ibùsùn wọn, wọ́n mi orí.

"Ó pẹ́ lónìí."

"Ìyá wa," ni màmá mi wí, ẹnu wọn mú bí ti àtẹ̀yìnwá, "ṣé kí n lọ fọwọ́ tì í ni?"

"Tì í," ni Ìyá Àgbà dáhùn.

Màmá mi wò wọ́n. Wọ́n wo àwa ọmọ. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀, wọ́n fi ìka kan ti ọkọ̀ náà láti ojú ìpàdé kan dé èkejì, gba ihò ògiri, yí ẹ̀yìn ibùsùn ká, fàkà-fikì, fàkà-fikì, títí omi ògì fi dórí iná.